Ẹ̀rọ Tí Ó Palẹ̀ Mọ́ Tí Kò Kú

Ní òru ọjọ́ kan nínú ọ̀yẹ́ tí ó kọjá, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti parọ́rọ́, tí ó ti rẹ àwọn ajá pàápàá láti gbó, mo parí ohun tí mo ń kọ lórí kọ̀ǹpútà mi, ògbólógbòó tòkunbọ̀ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń gbé láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, mo sì pàṣẹ fún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi lálaalẹ́, pé kí ó lọ sinmi. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn bí ó ti yẹ kí ó ṣókùnkùn. Mo dìde, mo na ẹ̀yìn, mo pa iná yàrá. Ẹsẹ̀ mi ti kan ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó gbọ́ pé fáànù inú ẹ̀rọ náà ṣì ń fẹ́ fùù, tí mo sì rí i pé iná wínníwínní tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì ń wò mí nínú òkùnkùn bí ojú ológbò. Mo padà jókòó dè é. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Àlejò tí ó ti dágbére kò kúrò lórí àga.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì pa nǹkan yẹn ni?" ni aya mi bi mí láti orí ibùsùn.

"Mo ti pa á," ni mo dá a lóhùn, "kò kú ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ yìí ni ó lé oorun lọ lójú mi. Nínú èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi, pípa àti kíkú jọ ń rìn bí ìka àti èékánná ni: ohun tí a bá pa ti kú, ohun tí kò bá sì kú, a kò tíì pa á, a kàn ṣá a lọ́gbẹ́ ni. Ẹni tí ó bá sọ fún ará ilé pé òun pa ewúrẹ́ ọdún ṣùgbọ́n kò kú, wọn yóò fi ọwọ́ kàn án lọ́rùn wò bóyá ibà ń ṣe é. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kan wà níwájú mi tí mo pa, tí ó gbà pé a ti pa òun, tí kò sì kú. Iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe jẹun láti ìgbà èwe mi, èyí tí í ṣe títúmọ̀ ìwé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, kò fún mi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún aya mi láìpurọ́.

Ohunkóhun tí a bá ti lè fi iná sí ni a lè pa. A ń pa fìtílà, a ń pa sítóòfù, a ń pa rédíò, a ń pa jẹnẹrétọ̀. Awakọ̀ ń pa ọkọ̀ rẹ̀ ní gáréèjì, bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ náà ni ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìwó, a ó ní ọkọ̀ kú. Ọ̀rọ̀ náà ṣe rẹ́gí fún gbogbo wọn, nítorí pé ní ìṣẹ́jú tí iná bá ti kúrò lára fìtílà ni iṣẹ́ fìtílà parí. Kò ní ìwé láti kó jọ, kò ní gbèsè láti kọ sílẹ̀, kò ní oníbàárà láti dá gbére fún. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣàdédé fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, a ti gba àwo lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹun nìyẹn: ohun tí ó wà lórí rẹ̀ tí kò tíì kọ sílẹ̀ yóò ṣòfò, ìwé tí ó ń kọ lọ́wọ́ sì lè dàrú débi pé kò ní í ṣeé kà mọ́. Nítorí náà ni ohun méjì fi wà tí ó ní láti ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ̀rọ kó ẹrù rẹ̀ jọ, kí iná tó kúrò lára rẹ̀; Gẹ̀ẹ́sì fún ìkínní ní orúkọ tirẹ̀, ó fún ìkejì ní tirẹ̀, àwa tí a ń túmọ̀ sì fi "pa" kan ṣoṣo bo àwọn méjèèjì lórí bí ìgbà tí a fi igbá kan bo ìkòkò méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti lu yìí gan-an ni àrùn ẹ̀rọ mi gbà wọlé.

Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà yóò rántí pé nígbà kan rí, ohun méjèèjì yìí ní olúwa méjì. Bọ́tìnnì àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà nípọn bí àtàǹpàkò, wáyà iná ilé gan-an ni ó sì gba inú rẹ̀ kọjá, bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò dún "kàà!", ohun gbogbo yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ agogo. Bí a bá ti pàṣẹ fún Windows 95 pé iṣẹ́ ti tó, yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, yóò ṣe é pẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ tí ó ti dúdú, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ ọsàn, pé ó ti dára wàyí kí ẹ pa ẹ̀rọ yín láìséwu. Ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀, ó ku ti ènìyàn. Ní 1995 kan náà ni Intel gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní ATX, èyí tí ó sọ bọ́tìnnì iwájú ẹ̀rọ di oníṣẹ́ lásán: kò gé iná mọ́, ó kàn ń kan ilẹ̀kùn ni, inú ilé ni wọn yóò ti dáhùn tàbí kí wọ́n má dáhùn. Ṣáájú èyí, ní 1992, ni Intel àti Microsoft ti ṣe àdéhùn APM lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ṣọ́ iná lò. Ní oṣù Kejìlá 1996 ni Toshiba dara pọ̀ mọ́ wọn láti gbé ACPI jáde, tí ó gba ipò ti ìṣáájú. Nípa báyìí ni a ṣe gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ onílé tí a fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, pé bí ó bá ti ṣe tán kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tèmi ṣe tán, ó sì gbàgbé ọ̀bẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó máa ń bá mi wo ẹ̀rọ náà dé ní ọjọ́ kejì. Ọmọ Ògún ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sikurudíráfà ni ó gbé dípò àdá. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó dìde; ó pa á, ó tàn án, ó tún pa á, ó gbé etí lé e.

"Bàbá, ó ti ṣe *shut down*, sà. Páwà rẹ̀ ni kò *off*."

Mo ní kí ó bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ họ orí, ó wo fáànù, ó wo mí. "Ó ti kú, sà," ni ó wí, "àmọ́ kò tíì kú."

Aya mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìjẹ̀bú ọmọ alárẹ ni, ìyá èjìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹni tí ó ta aṣọ ní Gbági fún ọgbọ̀n ọdún kí eékún tó ní kí ó jókòó. Kò gbé ojú sókè kúrò lórí àwo. "Ọmọ mi," ni ó wí fún ọmọ náà, "ṣé kì í ṣe pé ó ti palẹ̀ mọ́, tí kò kàn tíì pa iná ṣọ́ọ̀bù?"

Mo fi gègé mi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọjà ní ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí obìnrin yìí wí. Aláṣọ kì í pa iná kí ó tó palẹ̀ mọ́. Yóò ká áńkárá tí ó tẹ́ síta, yóò wọn ìyókù léèsì kí ó má bàa gbàgbé iye ọ̀pá tí ó kù, yóò ka owó, yóò kọ orúkọ àwọn ajẹgbèsè sínú ìwé, yóò sọ fún oníbàárà tí ó ń nájà tí kò ní í rà pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Nígbà tí ó bá ṣe gbogbo èyí tán ni ọwọ́ rẹ̀ yóò tó kan súwíìṣì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Yóò sọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣí sílẹ̀ pé kí ó kó ẹrù rẹ̀, yóò dúró de èyí tí ó bá ń lọ́ra, yóò kọ ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sínú àká tí kì í gbàgbé, yóò tú àwọn ẹ̀ṣọ́ ká, kí ó tó ránṣẹ́ sí iná. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní: "pa" wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe "pa" ti apẹran. "Pa ilẹ̀ mọ́" ni, ọmọ ìyá "pa mọ́", èyí tí à ń lò fún ohun tí a kò fẹ́ kí ó sọnù. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lálẹ́ ni pé ó ń pa iṣẹ́ mi mọ́ kí ó tó pa iná, àwọn tí ó ń sọ Yorùbá sì ti ya "pa" méjèèjì sọ́tọ̀ kí a tó bí baba ẹni tí ó kọ́kọ́ rọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀nà ìwé atúmọ̀ ni mo ti rìn; ẹnu ọ̀nà ilé mi ni ọ̀rọ̀ jókòó sí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ti rí ìwé kan rí, níbi tí ẹnì kan ti tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, *shut down*, ní ẹyọ ẹyọ, tí ó kọ "tì sísàlẹ̀". Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí àṣẹ yìí tí kò ní í wá ibi tí òun yóò ti fi èjìká ti tábìlì. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni ilé, orúkọ tí àwọn òyìnbó pè é kì í ṣe ju aṣọ tí ó wọ̀ wá sí ìsọmọlórúkọ. Àwọn tí ó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí í ṣe rédíò. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ohùn àti àwòrán ni wọ́n rí nínú àpótí, amóhùnmáwòrán sì ni ó ń jẹ́ títí di òní. Ẹni tí ó pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá kò ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ nìkan ni ó wò; tèmi yìí ti pẹ́ kọjá ẹni tí à ń fi eré kì, àṣá tí ó sì wà nínú rẹ̀, kàkà kí ó bà, òfuurufú ni ó ń fò kiri lóru.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Eruku tí ó jáde níbẹ̀ tó ti àjà. Ó tọ́ka sí ìdì wáyà tí ó ti inú àpótí iná wá, ó ya méjì sọ́tọ̀ fún mi láàárín wọn: ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan elése àlùkò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ó ní, pátákó inú rẹ̀ a máa di wáyà aláwọ̀ ewé mú mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, àpótí iná yóò gé gbogbo ìpín lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ti elése àlùkò. Pátákó tèmi kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tẹ bọ́tìnnì iwájú, kò gbé e kúrò, ó ń kà lábẹ́ ahọ́n, ní ẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀rọ mí kanlẹ̀ tí fáànù dúró. Èyí kì í ṣe ìpalẹ̀mọ́, ìfipápa ni, a kì í sì í lò ó àfi bí ọ̀nà mìíràn bá ti dí. Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹsẹ̀ míta kan wáyà elése àlùkò. Ojú míta kọ 5.

"Ẹ wò ó, sà. Fólítì márùn-ún. Bí kò bá ti kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, eléyìí kì í kú."

Ohun tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́ ìgbà tí a bá tún tẹ bọ́tìnnì nìyẹn. Ìyá mi kò ní míta, ṣùgbọ́n ó mọ fólítì márùn-ún yìí dáadáa: bí a bá ti sebẹ̀ alẹ́ tán, yóò fa igi yọ, yóò wọ́ eérú bo ògúnná, kò sí ẹni tí ó ti ẹ̀yìnkùlé kọjá tí yóò mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, láàárọ̀ yóò fi ọwọ́ gbo eérú, yóò fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, iná dé. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Àwọn àgbà tí ó pa òwe náà, ikú ni wọ́n ń sọ, ògúnná ni èmi ń wò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: iná ògúnná, fún èyí tí kì í kú lẹ́yìn ìpalẹ̀mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ nípa elése àlùkò, ẹ má bínú. Ẹnì kan wò sókè nínú igbó, ó rí ìyẹ́ ẹyẹ, ó sì fi sọ àwọ̀ kan lórúkọ tí kò tíì gbó di òní. Kò pe ìpàdé.

ACPI to ipò ẹ̀rọ bí àtẹ̀gùn, láti S0 tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, dé S5 tí ó ti palẹ̀ mọ́ tí ògúnná nìkan kù, àti G3 tí ó kẹ́yìn, nígbà tí a bá ti fa wáyà yọ lára ògiri. Láàárín wọn ni oorun wà. S3 kò ni wá lára, oorun ni, ẹni tí ó sùn ṣì ń mí, ìrántí rẹ̀ ṣì ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀. S4 ni ó le. Níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sínú àká, yóò sì pa iná, bí ó bá jí yóò bá ibi tí ó dúró sí lọ. Òyìnbó fi orúkọ oorun tí àwọn ẹranko kan ń sùn nígbà òtútù pè é. Àwa kò ní òtútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní ìgbín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìgbín a fa ara wọ inú ìkarawun, a fi itọ́ tí ó gbẹ dí ẹnu ọ̀nà pa, kò jẹ, kò mu, títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Oorun ìgbín ni mo pè é, n kò sì rò pé èmi yóò yí i padà. Fún S5, "dákú" ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó dákú jọ òkú, kì í sì í ṣe òkú. Mo fi í sílẹ̀. Ẹni tí ojú ẹ̀rọ bá sọ fún pé "mo ti dákú" yóò sáré wá omi, àti pé láti ìgbà NẸ́PÀ ni iná adákúdájí ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́.

Àrùn fúnra rẹ̀ ni ó gba orúkọ jù. Ọmọ iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá, tí ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, ni ó sọ ọ́ bí eré: "Ọ̀gá, àkúdàáyà ni." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ti sin ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n tún rí tí ń ta ata ní Ṣakí, kí ni ó tún yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti kú tí ìfun rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́? Àrùn mìíràn wà tí ó bá a tan, tí ẹ̀rọ yóò palẹ̀ mọ́, tí yóò kú lóòótọ́, tí yóò sì tún fúnra rẹ̀ tan padà kí a tó dìde lórí àga. Orúkọ tí ó tọ́ sí i ti wà lẹ́nu gbogbo yín. Ó tọ́, ó ṣe wẹ́kú, ṣùgbọ́n èmi kò ní í tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé àwọn ìyá ṣì wà láàárín wa tí wọ́n ti sin ọmọ mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n ń fi orúkọ náà pè, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì mú omi jáde lójú ìyá ọlọ́mọ kò yẹ ní ojú ẹ̀rọ.

Ìwádìí kò pẹ́ lẹ́yìn èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ fura sí ìtètèjí tí Windows 8 mú wá ní 2012, nínú èyí tí ẹ̀rọ kì í palẹ̀ mọ́ tán, ìdajì ọjà ni ó ń kó wọlé, ó sì ń fi ìdajì sun oorun ìgbín kí ó lè tètè pàtẹ láàárọ̀. Ó di Shift mú bí ó ti ń pàṣẹ, kí ìpalẹ̀mọ́ lè pé. Fáànù ṣì ń fẹ́. Ó yọ gbogbo ohun tí a kì bọ ara ẹ̀rọ, eku, ìtẹ̀wé, gbogbo rẹ̀. Fáànù ṣì ń fẹ́. Nígbẹ̀yìn ni ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *driver* ni ọ̀daràn.

Awakọ̀ ni àwọn kan ń pe èyí ní Yorùbá, kò sì sí ọkọ̀ tí ó ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró láàárín ọ̀gá inú ẹ̀rọ àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan, kí ó gbọ́ èdè ti ọ̀hún kí ó sọ ọ́ fún tibí. Ògbufọ̀ ni. Láyé àwọn ajẹ́lẹ̀, àìmọye ọba ni ó jìyà nítorí pé ògbufọ̀ kò gbọ́ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀ dáadáa, tí ọba wí pé "ẹ fún mi ní àkókò" tí ògbufọ̀ sì sọ fún òyìnbó pé ọba kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ mi. Wọ́n ti sọ ètò inú rẹ̀ di tuntun láìpẹ́ yìí, ìyẹn sì mú ògbufọ̀ tuntun dání wá, ọmọdé tí kò gbọ́ èdè àgbàlagbà pátákó tí ó bá nílé. Nígbà tí ọ̀gá wí pé "jọ̀wọ́ wáyà aláwọ̀ ewé", ọmọdé náà dúró, ó ń wojú àgbà, àgbà ń wojú rẹ̀, ilẹ̀ ń mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin lé e kúrò, ó dá ògbufọ̀ àtijọ́ padà sí ipò rẹ̀, ó sì pàṣẹ. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ohun kan ta "tó" nínú rẹ̀, fáànù yí, ó rọra yí, ó dúró. Ìyá Ìbejì ní kí á kú iṣẹ́.

Mo fún ọmọ náà ní owó rẹ̀ àti bébà kan tí mo kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí: ìpalẹ̀mọ́, ìpaná, ìfipápa, iná ògúnná, oorun ìgbín, ògbufọ̀. Ó kà á síta, ó ká a sápò. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ó pè mí lórí fóònù láti ilé oníbàárà rẹ̀ kan, mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún àwọn yẹn pé ẹ̀rọ wọn ti palẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n kò tíì paná, ìyá arúgbó tí ó wà nílé sì ti gbọ́ ọ yé kí òun tó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bi òun ní ìbéèrè kan: bí ẹni tí ń lò ó bá dìde, tí ó kó tirẹ̀ kúrò kí ẹlòmíràn lè jókòó, tí a kò sì pa ẹ̀rọ rárá, kí ni a ó pe ìyẹn?

Mo ní kí ó pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé Ìyá Ìbejì ti lọ sí ọjà.